Àpá Eyín Lára Búrẹ́dì

22 oṣù Kẹrin

Ìwé yìí, jọ̀ọ́ má bínú sí mi. Ọwọ́ mi kò dára, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè wá sí mi lórí. Kíláàsì kẹfà ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, nígbà tí ẹ̀yìn ń dun ìyá mi tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò fún wàrà màlúù. Bí mo bá ń kọ lẹ́tà kan lọ́wọ́, èyí tó kàn á ti sá lọ. Àbúrò ọkọ mi ló fún mi ní ọ. Ó ti ṣe ìṣirò sí ojú ewé mẹ́rin àkọ́kọ́, nítorí náà ojú ewé karùn-ún ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ó lọ lánàá. Lẹ́nu, "ẹ̀yin" ni mo máa ń pè é, mi ò sì lè dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kò létí. Turgun. Mo ti kọ ọ́. Ojú ń tì mí bí ẹni pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn mi. Àwọn tí wọ́n bí ṣáájú rẹ̀ kò dúró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, pé kó dúró. Ó sì dúró títí ó fi gbé mi níyàwó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàlélógójì, ó gbé báàgì, ó gba Samara lọ, lọ́hùn-ún ní Rọ́ṣíà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé gogoro.

Kó tó jáde, Ìyá rẹ̀ na búrẹ́dì tí mo yan láàárọ̀ sí i. Ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé e mì, ó fi aṣọ funfun wé èyí tó kù, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi kọ́ ìṣó tó wà lára ògiri yàrá wa. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀. Òun ni yóò jẹ ẹ́ tán nígbà tó bá dé. Mo ti tú aṣọ náà wò lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán láti kékeré, níbi tó ti ń fi eyín pa kóró èso orik, nítorí náà òkè kékeré kan dúró láàárín ibi tó gé jẹ, bí ilé èèrà. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè gé búrẹ́dì báyẹn.

Ó ní òun yóò dé kí orik tó pọ́n. Ìyá da omi tẹ̀ lé e ní ẹnu ọ̀nà, kí ọ̀nà lè tù ú lára. Èmi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Búrẹ́dì wà lára ògiri yàrá Ìyá náà. Ti baba ọkọ mi ni. Wọ́n gba Rọ́ṣíà lọ nígbà tí oyún Eyínfúnjowó, àbúrò ọkọ mi, wà nínú Ìyá, oṣù mẹ́rin ni wọ́n ní àwọn yóò lò, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì nìyí. Zumrad ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n èmi kò lè pe àbúrò ọkọ lórúkọ, ni mo bá ń pè é ní Eyínfúnjowó. Kò rí bàbá rẹ̀ rí. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ìyàwó wa, ẹ wo búrẹ́dì bàbá mi, kò bu rí, kòkòrò kò dá a lu rí. Ẹni tó bá ti kú, búrẹ́dì rẹ̀ kì í dúró báyẹn." Èmi náà ti yọjú wò ó. Òótọ́ ni. Ó mọ́ tónítóní.

25 oṣù Kẹrin

Àwọn kòkòrò sílíìkì dé. Àpótí kan ni àwọn tó ń ra òwú wọn pín fún ilé kọ̀ọ̀kan, pé ká bọ́ wọn títí wọn yóò fi hun ilé. Wọ́n dúdú, wọ́n kéré bí irun ẹṣin tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, o ò ní mọ̀ pé wọ́n lẹ́mìí àfi bó o bá mí sí wọn. Yàrá wa ni wọ́n kó wọn sí, torí òun ló ń gba oòrùn jù. Ìbùsùn olówùú mẹ́rìndínlógún tí ìyá mi fi ọdún méje rán fún mi ti di òkìtì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo rọra béèrè pé búrẹ́dì ńkọ́.

"Ta ló fi í kọ́?" Ìyá bi mí.

Báwo ni màá ṣe dárúkọ rẹ̀?

"Ẹni tó fi í kọ́ ni yóò sọ ọ́ kalẹ̀. Kòkòrò wọ̀nyí kì í jẹ búrẹ́dì, ewé igi tut nìkan ni wọ́n mọ̀."

Eyínfúnjowó ní, "Èyí tó bá ṣèèṣì tọ́ ọ wò nínú wọn, Samara ni yóò ti lọ hun ilé."

Ìyá pàápàá rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu wọn tí eyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀.

29 oṣù Kẹrin

Ó pè. Ìyá bá a sọ̀rọ̀ pẹ́, nípa òjò, nípa ewé, nípa ẹsẹ̀ màlúù. Lẹ́yìn náà wọ́n na fóònù sí mi, wọn ò sì kúrò níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Hulkar, ṣé búrẹ́dì mi ti gbẹ?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀."

"Kó máa dúró dè mí. Ìwọ náà."

Owó fóònù rẹ̀ tán níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ni mo ti tò sílẹ̀ tí mi ò rí sọ. Mo ṣì ń rántí wọn, màá sọ wọ́n bó bá tún pè.

Láràárọ̀, bí Ìyá bá wọlé wá wo kòkòrò, wọ́n máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè, wọ́n á fọwọ́ kan búrẹ́dì náà nínú aṣọ rẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ yẹn kan iwájú orí. Ojú wọn ti ṣú púpọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran. Mo fẹ́ràn láti máa wò wọ́n.

3 oṣù Karùn-ún

Òjò ọjọ́ mẹ́ta. Ewé tut tó bá tutù máa ń pa kòkòrò, nítorí náà aṣọ ni a fi ń nu ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń dáná sínú yàrá láìdáwọ́ dúró. Ibẹ̀ gbóná, ó sì rin bí abẹ́ ìdérí ìkòkò. Wọ́n ní àlùbọ́sà ti wọ́n lọ́jà. Kò kàn wá. A ò gbọ́dọ̀ dín àlùbọ́sà títí kòkòrò yóò fi hun ilé rẹ̀ tán, òórùn rẹ̀ ń mú kí wọ́n kọ oúnjẹ.

Màmá Hosiyat, aládùúgbò wa, wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlejò kì í wọ yàrá kòkòrò. Mo fi ìborùn bo ojú, mo tẹríba fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta bí ìyàwó tuntun ṣe ń ṣe, mo gbé tíì wá. Wọ́n ń wo ikùn mi bí ẹni ń wo elégédé lọ́jà.

"Ìyàwó, ọkọ ti lọ o. Ṣé ó fi nǹkan kan sílẹ̀ fún wa níbẹ̀?"

Kí n tó mọ̀, mo ti bu tíì kún ife dé ẹnu.

Màmá Hosiyat gbé e sókè kí gbogbo ilé lè rí i. "Ìyá Turgun, ẹ wo ife mi. Kíkún dẹ́nu. Láyé tiwa, ìdajì là ń bù fún àlejò kó lè tún béèrè. Ìyàwó yín ní kí n mu ún kí n máa lọ ilé mi."

Ìyá ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ń gbọ́ yín láti ìgbà tí ẹ ti dé, ó mọ̀ pé ọ̀fun yín á ti gbẹ."

Mo sá wọ inú yàrá lọ, mo lọ jókòó láàárín àwọn kòkòrò. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ní tiwọn.

7 oṣù Karùn-ún

Àwọn kòkòrò ti jí lójú oorun kejì tí wọ́n fi ń bọ́ awọ. Awọ wọn tuntun funfun. Kò pè.

11 oṣù Karùn-ún

Mi ò mọ bí màá ṣe kọ èyí.

Mò ń gbá ewé gbígbẹ kúrò lábẹ́ ìṣó nígbà tí òórùn kan gba imú mi, bí aṣọ tutù tí wọn ò sá. Mo tú aṣọ funfun náà. Búrẹ́dì ti bu. Ó hu funfun, ó hu aláwọ̀ ewé, ibi tó gé jẹ gan-an ló sì hu sí jù. Òkè kékeré yẹn ti rì. Mo fi èékánná họ ọ́ díẹ̀ kí n lè rí i, ó sì wó sí mi lọ́wọ́ bí iyanrìn.

Mo mọ̀ pé ọ̀rinrin ewé àti ooru iná ló fà á. Mo ń sọ ọ́ fún ara mi. Ṣùgbọ́n ti baba ọkọ mi ti wà lára ògiri fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò bu. Tiwa kò ju ogúnjọ́ lọ.

Mo wé e padà. Ìyá fọwọ́ kan án nírọ̀lẹ́ láti ìta aṣọ, wọ́n fi ọwọ́ yẹn kan iwájú orí. Bí Eyínfúnjowó bá tú u wò ńkọ́?

14 oṣù Karùn-ún

Mo ti ṣe é. Ọlọ́run ló rí mi.

Eyínfúnjowó wà nílé ẹ̀kọ́, Ìyá lọ gé ẹ̀ka tut létí odò. Ọjọ́ tí a ń yan búrẹ́dì nìyẹn. Mo yan méje, mo fi òǹtẹ̀ kan náà tẹ àárín wọn, mo yọ ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gé e jẹ. Ẹnu mi kéré jù. Àpá rẹ̀ dà bí ti ọmọdé tó jí nǹkan jẹ, eyín mi sì pé, kò sí òkè kankan láàárín. Mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ yípo kó lè dà bí òkè. Ojú ọ̀bẹ ni ó jọ. Mo dá a padà sínú ààrò tí iná rẹ̀ ti kú kó lè gbẹ bí èyí tó ti pẹ́. Lẹ́yìn náà mo fi aṣọ funfun wé e, mo sì fi kọ́ ìṣó.

Èyí tó bu ńkọ́? A kì í sọ búrẹ́dì nù. Èmi náà ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, torí kì í ṣe tèmi. Mo rún un sórí ògiri ọgbà. Kí oòrùn tó dé àtàrí, àwọn ológoṣẹ́ ti ṣà á tán.

Ẹyẹ ló jẹ búrẹ́dì ọkọ mi tán.

15 oṣù Karùn-ún

Ìyá na ọwọ́ sókè láàárọ̀ yìí bí ìṣe wọn. Ọwọ́ wọn pẹ́ níbẹ̀. Mò ń ka ewé tó wà níwájú mi kí n má bàa wo ojú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọwọ́ kan iwájú orí, wọ́n ní, "Ewé ti tán lápá ibí yìí."

Mo rò pé wọn ò mọ̀. Mo dúpẹ́.

19 oṣù Karùn-ún

Ogún ọjọ́ láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Bí a bá pè é, obìnrin kan ni yóò máa sọ èdè Rọ́ṣíà sí wa létí, ohun kan náà ní gbogbo ìgbà. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, mi ò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin kan ní abúlé kejì dé láti Samara. Ìyá rán Eyínfúnjowó lọ bá a. Ọkùnrin náà ní Turgun ti kúrò níbi iṣẹ́ àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, òun àti àwọn méjì kan. Ẹnì kan ló wá fi ọkọ̀ kó wọn, ó ní iṣẹ́ tó sàn ju ìyẹn lọ wà níwájú. Kò mọ ibi tí iwájú wà.

Eyínfúnjowó ní, "Ẹ má sunkún, ìyàwó wa. Ẹ rántí búrẹ́dì bàbá mi. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì wà láàyè. Bùrọ̀dá mi tí kò tíì ju ogún ọjọ́."

Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Mo dì í mú bí ẹni di okùn kànga mú. Bí Bàbá bá lè wà láàyè láìfọhùn láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọmọ yìí, òun náà lè wà.

Àwọn kòkòrò ti jí lójú oorun kẹrin. Wọ́n ti tóbi bí ìka mi. Bí wọ́n bá ń jẹun, ìró rẹ̀ dà bí òjò lórí ewé, tọ̀sán-tòru, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere níta.

22 oṣù Karùn-ún

Àìsàn ti wọ inú wọn. Wọ́n ń wú, wọ́n ń di pupa rúsúrúsú, bó o bá fọwọ́ kàn wọ́n, awọ wọn á bẹ́, omi á jáde. Apá ibi tí ìṣó wà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá fi èéfín ewé isirik yí yàrá ká lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ojú burúkú. Kò dáwọ́ dúró.

Màmá Hosiyat dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń rí kòkòrò nínú ilé yìí, wọn ò kú báyìí rí. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni mò ń rò."

Ìyá ní, "Ẹsẹ̀ ta ló wọ ilé yín lọ́dún ìjẹta tí ewúrẹ́ yín méjèèjì fi ṣẹ́yún?"

Wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Kì í ṣe ẹsẹ̀ mi, eyín mi ni.

24 oṣù Karùn-ún

Garawa mẹ́ta ni mo kó dà sínú kòtò. Mi ò ní kọ nǹkan kan mọ́ lónìí.

28 oṣù Karùn-ún

Àwọn tó kù ti gun igi gbígbẹ, wọ́n ti hun ilé wọn. Wọ́n kéré. Wọn kò tó ìdámẹ́ta ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n wọ́n funfun, wọ́n sì mọ́, bó o bá mì wọ́n létí, wàá gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń yí. Mo gbọ́ ọ. Inú mi dùn fún ìwọ̀nba ìgbà tí mo fi mì ín.

Ní ẹ̀yìnkùlé, orik ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ti ń pọ́n.

29 oṣù Karùn-ún

Láàárọ̀ kùtù, Eyínfúnjowó bá àwọn ará àdúgbò lọ fi ilé kòkòrò wa jíṣẹ́. Èmi àti Ìyá jókòó, a ń ṣa àwọn tó ní àbààwọ́n tí wọn ò ní gbà.

Ìyá ní, "Hulkar." Wọn kì í pe orúkọ mi. Ìyàwó ni wọ́n máa ń pè mí.

"Ìyá."

"Òkè tó wà láàárín eyín ọmọ mi dà?"

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bó ṣe bu, bí mo ṣe gé òmíràn, bí mo ṣe fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, àwọn ẹyẹ. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí. Ọwọ́ wọn kò dúró, wọ́n ń ṣa lọ.

"Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ojú mi ló ṣú, ọwọ́ mi kò ṣú. Ọmọ tí mo fún lọ́mú fún ọdún méjì, ṣé mi ò ní mọ eyín rẹ̀ ni?"

"Ìyá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo fà á, ti kòkòrò, ti ọmọ yín náà lọ́hùn-ún."

"Dìde. Ewé tutù ló pa kòkòrò. Ooru ló ba búrẹ́dì jẹ́. Ohun tó bá ọmọ mi lọ́hùn-ún, èmi àti ìwọ ò mọ̀ ọ́n. Dìde, mo ní."

Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sí yàrá wọn. Wọ́n na ọwọ́ sí ògiri, wọ́n sọ búrẹ́dì baba ọkọ mi kalẹ̀. Mo fẹ́ sá jáde. Wọ́n tú u sórí ọwọ́ mi.

"Gbóòórùn rẹ̀."

Mo gbóòórùn rẹ̀. Ìyẹ̀fun ni, kò jọ ohun ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Ti ọdún tó kọjá ni," Ìyá wí. "Èyí tí bàbá wọn gé fúnra wọn, kòkòrò jẹ ẹ́ di ihò ní ọdún kejì. Zumrad ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn nígbà náà. Mo ní kí n yan òmíràn, kó má bàa di pé ọmọ á máa wo ìṣó lásán. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo tún yan án. Bí orik bá ti ń pọ́n, tí ọmọ ò bá sí nílé. Ìgbà mẹ́tàlá nìyẹn. Bàbá wọn máa ń wọ́ ẹnu sápá òsì bí wọ́n bá ń jẹun. Èmi náà á wọ́ ẹnu. Mo ti mọ̀ ọ́n gé débi pé bí ọkùnrin náà bá wọlé lónìí, á búra pé òun ló gé e."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ṣé Bàbá wà láàyè?"

"Ta ni kí n bi?"

Mò ń gbọ́ tí màlúù ń họ ara mọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà wọ́n ya ẹnu, wọ́n fi ìka hàn mí.

"Eyín mẹ́rin ló kù, kò sí méjì tó pàdé ara wọn. Ọ̀bẹ ni mo fi parí ti ọdún tó kọjá. Zumrad ti ń dàgbà, ojú rẹ̀ mú, yóò rí i. Ti ọdún yìí, ìwọ ni yóò gé e. Ti Turgun náà, a ó tún un ṣe, èyí tó o ṣe yẹn kò dára. Má fi ọ̀bẹ kàn án. Fa òwú lára àwọn ilé kòkòrò tí wọn ò ní gbà wọ̀nyí, wé e mọ́ eyín iwájú kan dáadáa kó má lè gé, kí o tó wá ya ẹnu gbàgà. Yóò fi òkè sílẹ̀."

Mo ti fa òwú náà. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Gbogbo ohun tí ilé kòkòrò ọdún yìí fún mi nìyẹn. Mo ti po ìyẹ̀fun, Ìyá ló ń dáná ààrò, ni mo fi ráyè jókòó kọ èyí.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi di búrẹ́dì Bàbá mú bí okùn. Mi ò mọ ohun tí màá dì mú báyìí. Eyínfúnjowó á dé, á ní, ìyàwó wa, ẹ ò rí i pé kò bu? Màá sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé màá mọ̀ ọ́n sọ. Ìyá ti sọ ọ́ fún ọdún mẹ́tàlá.

Ṣùgbọ́n bóyá fóònù rẹ̀ ló sọnù. Ibi tó ń jẹ́ iwájú yẹn lè jìnnà, kó má sí iná níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo orik ló ti pọ́n, ti ẹ̀ka òkè ṣì le. Bó bá dé kí wọ́n tó pọ́n, màá sọ ọ̀rọ̀ mọ́kànlá yẹn fún un, èkíní nínú wọn ni pé

Ìyá ń pè mí. Wọ́n ní ààrò ti pọ́n, kí n fọ ẹnu kí n máa bọ̀ kíá, kí Eyínfúnjowó tó